Nígbà tí ìrora tó ti ń lọ bá padà: ìrírí wa lórí àkóràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn

Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo rí i pé aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi tutù lẹ́yìn. Kì í ṣe òógùn. Omi tó pọ́n díẹ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ló ń jáde láti ìsàlẹ̀ ojú rírán náà, níbi tí mo rò pé ó ti jinná. Eegun mẹ́ta nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi ni wọ́n fi irin àti sukúrù so pọ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ mú inú mi dùn gan-an: ẹsẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn fún ọdún kan gbáko dákẹ́, mo sì ń rìn yíká ilé láìfọwọ́ di nǹkan mú. Àfi bí ìrora ṣe tún dé, tí kì í ṣe ti ẹsẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé inú ẹ̀yìn gan-an ló ti ń wá, tó sì ń le sí i lóru nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ara mi kò gbóná. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi dúró sílé nítorí èyí. Àràárọ̀ ni mo ń wo ìgbóná ara mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ibà, kò sí àrùn. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Àkóràn lè wọ ẹ̀yìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kó má mú ibà kankan wá, kó jẹ́ pé ìrora tó ti ń lọ tó wá ṣẹ́rí padà nìkan ni àmì tí a ó rí. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù nílé. Mo dúpẹ́ pé n kò lò ó, nítorí oògùn tí a bá lò kí wọ́n tó mú nǹkan lọ fún àyẹ̀wò lè fi kòkòrò náà pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ mọ irú èyí tó jẹ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà fi bírò fa ìlà kan sẹ́yìn ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRP, tó máa ń ga sókè ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí yóò sì máa wálẹ̀ títí tí yóò fi padà sípò ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tèmi ti wálẹ̀, ó sì tún gòkè. Ó tẹ bírò náà mọ́ ibi tí ìlà ti yí padà sókè títí tí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI yà fi hàn pé ọyún ti kó jọ lábẹ́ ẹran ẹ̀yìn mi, wọ́n sì gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lówurọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n tú gbogbo ojú rírán náà, wọ́n gé ẹran díẹ̀díẹ̀ ní ibi márùn-ún fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún mi ní oògùn kankan, wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n sì fi omi iyọ̀ lítà mẹ́sàn-án fọ inú rẹ̀. Wọn kò yọ irin. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì bínú díẹ̀, nítorí lójú tèmi irin náà ni ilé kòkòrò. Dókítà ṣàlàyé pé òótọ́ ni pé kòkòrò a máa hun nǹkan bí ìbora yíyọ̀ sórí irin, tí oògùn kì í sì í wọ ibẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìbora tèmi ṣì kéré, wọ́n sì lè fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni eegun mi kò tíì so pọ̀, bí wọ́n bá yọ irin, eegun á máa mì, àkóràn kì í sì í tètè lọ níbi tí eegun bá ti ń mì. Wọ́n fi fóòmù dúdú dí ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fa omi rẹ̀, tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi tọ̀sán-tòru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún padà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó rán an pa.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus ni wọ́n rí. Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo fi gba oògùn láti inú rọ́bà tí wọ́n fi sí apá mi, kí n tó bọ́ sórí oògùn oníhóró. Rifampicin wà lára wọn; ìtọ̀ mi pọ́n rúsúrúsú, omijé mi pàápàá yí àwọ̀ padà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rù ì bá ti pa mí.

* * *

Ẹ kú ewu o, ẹ̀gbọ́n. Ti màmá mi yàtọ̀ sí tiyín. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ìrora tí kò le ṣùgbọ́n tí kì í lọ. Ohun kan bí irorẹ́ a yọ lójú àpá náà, a bẹ́, a sì tún padé. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Dókítà mìíràn ló ní kí lábù tọ́jú ohun tí wọ́n mú fún ọjọ́ 14, ibẹ̀ ni Cutibacterium acnes ti jáde, kòkòrò tó ń gbé lára awọ gbogbo wa, tó sì máa ń lọ́ra láti hù. Nítorí pé eegun wọn ti so pọ̀ dáadáa, gbogbo irin ni wọ́n yọ. Màmá ní àtọ̀gbẹ, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀. Ọgbẹ́ náà jinná, kò sì tún bẹ́ mọ́.

* * *

Èmi kò rí àyè fún ìdúró kankan. Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo láti ọ̀sán, nígbà tó fi di alẹ́, n kò lè tọ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́; ọmọ mi kọ̀ jálẹ̀, ó gbé mi lọ lóru náà. Ọyún ló ń tẹ àwọn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi, wọ́n sì là á kí ọjọ́ tó là. Ìtọ̀ mi ti padà sípò, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti padà. Ti òsì ni mo ṣì ń fi ọ̀pá ràn lọ́wọ́.