Irin mẹ́rin tí mo bá nínú àpótí bàbá mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní Láfẹ́nwá, níbí ní Abẹ́òkúta, ni bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ni ó sì pọ̀ jù lábẹ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n papò dà, èmi ni àpótí iṣẹ́ wọn kàn. Mo dá sípánà àti òòlù mọ̀, ṣùgbọ́n irin mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ó rú mi lójú, ó sì kù díẹ̀ kí n kó wọn fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Mo kó wọn lọ bá Bùọ̀dá kan tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n mú èyí tí ó jọ pílásì, wọ́n ní, “Àbúrò, ibi tí ó bá ń dán ni kí o wò.” Lóòótọ́, gbogbo ara rẹ̀ ti dípẹtà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kan tí ó tẹ̀ bí ìkọ́ ń dán bí ṣílè tuntun, ẹnu kejì sì ṣe ṣóńṣó. Ìkọ́ yẹn ni a fi ń fa sípíríǹgì tí ó so ṣúù bíréèkì méjèèjì (irin méjì tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí ń dá táyà dúró) pọ̀, nígbà tí ẹnu ṣóńṣó bá ti ta gbọn-in mọ́ ara láínì, ìyẹn ohun líle tí a lẹ̀ mọ́ ojú ṣúù. Wọ́n wá mú ṣúù àtijọ́ kan jáde: ojú ihò kékeré tí irin ti tẹ̀ sí ara láínì rẹ̀ bá ẹnu náà mu rẹ́gí.

Èyí tí ó pẹlẹbẹ, tí orí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ṣíbí, ni a ń ti bọ inú ihò tóóró láti yí kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí ń sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn irin bí abọ́ tí ó bo ṣúù, tí ó sì ń yí pẹ̀lú táyà. Méjì irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan Ìjàpá. Ìkẹta, tí ó ní ife kékeré lẹ́nu, wà fún títẹ sípíríǹgì tí ó di ṣúù mú sí ààyè rẹ̀, kí a sì yí i.

Ìkẹrin ni ó dùn mí jù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ bí ọrun ni, ara ìṣó ni a sì ti fi í kọ́ aṣọ ìnura láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà kan, mo tú dúrọ́ọ̀mù ọkọ̀ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó jókòó sínú ọkọ̀ sì tẹ bíréèkì. Písítìnì, irin kékeré tí ń ti ṣúù síta, fò jáde kúrò nínú sìlíńdà, ihò irin tí ó ń gbé, òróró bíréèkì dà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù, odindi ọjọ́ kan ni mo sì fi fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Irin yìí ni à bá fi há písítìnì méjèèjì mọ́ sìlíńdà, inú ilé wa ni ó sì wà!

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀. Asbestos, èròjà olókùn wẹ́wẹ́ kan, wà nínú ọ̀pọ̀ láínì ayé ìgbà náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tí a rin sómi ni kí ẹ fi nù ún.

Mo ti fi epo pa irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí, mo sì ti dá wọn padà sínú àpótí bàbá mi.