Trading post àwọn Navajo: "ìsọ̀ àwìn" ni tèmi, kì í ṣe "ọjà"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìtàn àwọn Navajo, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ló béèrè pé kí lòun lè máa pe trading post, ìyẹn ilé ìtajà tí wọ́n máa ń dá sílẹ̀ láàárín wọn láyé àtijọ́, ẹnì kan ní "ọjà", ẹlòmíì ní "ibùdó ìṣòwò", ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní ká kúkú kọ "ṣọ́ọ̀bù" kí kálukú lọ sùn. Mi ò gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, "ìsọ̀ àwìn" lèmi máa kọ.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé "ọjà" kúrò ńlẹ̀. Ọjà tiwa, èrò ló ń sọ ọ́ dọjà, tí ìyá kan ò bá gbà fún ẹ ní iye tó o ní lọ́wọ́, wàá yà sọ́dọ̀ èkejì, òun náà á sì máa pè ẹ́ bọ̀ látòkèèrè. Ibi tí à ń sọ yìí, ilé kan ṣoṣo ni láàárín aṣálẹ̀ Arizona tàbí New Mexico, onísọ̀ kan ṣoṣo, ìsọ̀ tó tún tẹ̀ lé e lè gbà ẹ́ tó odidi ọjọ́ kan lórí ẹṣin. Ta lo fẹ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀? Ìjọba Amẹ́ríkà ló sì ń fún onísọ̀ ní láísẹ́ǹsì, torí ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn Navajo ni, òyìnbó kan ò kàn lè gbé igbá kalẹ̀ níbẹ̀ kó máa pàtẹ. "Ibùdó" ní tiẹ̀, ológun ló ń rùn sí mi nímú, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn yìí mọ ibùdó ológun dáadáa. Láti 1864 ni àwọn ṣójà Amẹ́ríkà ti ń fẹsẹ̀ rìn wọ́n lọ sí Bosque Redondo, ibùdó tí wọ́n há wọn mọ́ ní New Mexico, ibi tí àwọn Navajo ń pè ní Hwéeldi títí dòní, ó di ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1868 kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Fúláwà àti kọfí tí ìjọba ń wọ̀n fún wọn níbẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onísọ̀ wá ń tà fún wọn nígbà tí wọ́n délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ ibùdó lé ibi tí wọ́n ti ń ra ṣúgà.

"Ṣọ́ọ̀bù" ló sún mọ́ ọn jù, mi ò jiyàn, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù, owó lo máa gbé lọ o máa gbẹ́rù bọ̀. Owó gan-an ni ò sí níbi tí à ń wí. Àgùntàn ni ọrọ̀ wọn, wọ́n á rẹ́ irun rẹ̀ nígbà ìrúwé, wọ́n á ta ọmọ àgùntàn nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, láàárín méjèèjì ńkọ́? Àwìn ni. Wọ́n á kó fúláwà, kọfí, ṣúgà, tòmátì inú agolo, aṣọ, onísọ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé, ó dìgbà tí irun bá dé orí òṣùwọ̀n kó tó máa fa ìlà sí gbèsè. Tí gbèsè bá wọra jù, wọ́n á gbé bẹ́líìtì onífàdákà tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ olókùúta turquoise wá, ẹlòmíì á gbé gàárì, ẹlòmíì ìbọn, wọ́n á fi dógò. Onísọ̀ á so páálí pélébé tó lórúkọ mọ́ ọn, á gbé e kọ́ sí yàrá. Tí ètùtù ńlá tàbí ayẹyẹ bá dé, ẹni tó ni í lè wá gbà á lọ ṣe ẹ̀ṣọ́ kó sì dá a padà, onísọ̀ tó bá gbọ́n kì í ṣe agídí sí ìyẹn, torí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tóun bá ṣe é ni wọ́n máa gbé irun àgùntàn wọn gba ìsọ̀ ẹlòmíì lọ bó ti wù kó jìnnà tó. Ẹ rí i pé àwìn àti ìdógò ló gbé ilé náà dúró, títà àti rírà kàn wà lójú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìsọ̀ àwìn.

Bàbá wa kan bi mí pé ṣebí Òṣómàáló ti wà nílé fún irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ò kúkú purọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ káàkiri ta láwìn, tí wọ́n ní òṣó làwọn máa ló títí owó àwọn á fi pé. Àmọ́ ilé rẹ ni Òṣómàáló ti máa wá bá ẹ lóṣòó. Onísọ̀ ti àwọn Navajo ò wá sílé ẹnì kankan, ìwọ lo máa lọ bá a níbi tó jókòó sí. Ẹ sì wo ohun tí àwọn Navajo fúnra wọn ń pe onítọ̀hún: naalyéhé yá sidáhí, ẹni tó jókòó ti ọjà. Wọ́n pe ilé rẹ̀ ní naalyéhé bá hooghan, ilé tó wà fún ọjà títà. Tiwa lóṣòó, tiwọn jókòó, ọ̀rọ̀ bùṣe! Mo dábàá "ajókòótọjà" fún onísọ̀ náà, ẹni tó bá ní ó gùn jù kó mú tiẹ̀ wá.

Àbúrò wa tún kọ "ọgbà akọ màlúù" fún ibi táwọn oníbàárà ń dúró sí, torí bullpen ló rí nínú ìwé òyìnbó. Rárá o, màlúù kankan ò sí níbẹ̀. Iwájú kántà ni. Kántà wọn ga, ó sì fẹ̀, nílé mìíì ilẹ̀ ibi tí ajókòótọjà wà tún ga ju ti oníbàárà lọ, kí ọwọ́ má baà dé ẹrù, kó sì lè máa wo gbogbo yín látòkè. Kó kọ "iwájú kántà" kó sì ṣàlàyé gíga rẹ̀.

Ti aṣọ tí wọ́n ń hun ló gba sùúrù. Ẹnì kan ní kúbùsù, ẹnì kan ní kápẹ́ẹ̀tì, méjèèjì tọ̀nà, àsìkò ló yà wọ́n. Obìnrin ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀, orí òfì ìnaró bíi ti àwọn ìyá wa tó ń hun kíjìpá, ohun tí wọ́n sì ń hun látijọ́, bíbora ni, kúbùsù nìyẹn. Lẹ́yìn 1880 tí rélùwéè ti dé ìlú Gallup ní New Mexico, tí àwọn àrè ìgbafẹ́ ń wọlé, àwọn ajókòótọjà ní kí wọ́n hun ún kó nípọn, kó ṣeé tẹ́ sílẹ̀. Lorenzo Hubbell, ọ̀kan lára wọn tó wà ní Ganado, fi àwòrán irú èyí tó fẹ́ kọ́ ara ògiri kí àwọn ahunṣọ máa wò ó, J. B. Moore ní Crystal tẹ kátálọ́ọ̀gì ní 1903 àti 1911, ó ń fi ìwé ránṣẹ́ ta iṣẹ́ wọn fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Àwọn ajókòótọjà kan náà tún ń ta kúbùsù Pendleton tí ẹ̀rọ hun fún Navajo. Navajo ń da ti ẹ̀rọ bora, òyìnbó ń fẹsẹ̀ tẹ iṣẹ́ ọwọ́ Navajo! Nítorí náà kó kọ kúbùsù títí dé ibẹ̀ yẹn, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó ní "àwìn" máa tàbùkù ibẹ̀, mo gbọ́. Ilé Hubbell ṣì wà, ìjọba àpapọ̀ rà á ní 1967, wọ́n ṣì ń tajà nínú ẹ̀, àwọn tó ń lọ wò ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ajókòótọjà a máa ka lẹ́tà fún ẹni tí ò mọ̀wé, a máa bá wọn sin òkú torí àwọn Navajo kì í fẹ́ fọwọ́ kan òkú. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ní 1972 Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìwà àwọn oníṣòwò, jókòó gbẹ́jọ́ àwọn Navajo, ìwé tí wọ́n kọ ní 1973 sọ nípa ọjà tó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ìdógò tí wọ́n tà mọ́ olówó rẹ̀ lójú, àti ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ń mú mọ́lẹ̀ torí inú ìsọ̀ náà ni pósítọ́fíìsì wà. Lẹ́yìn tí òfin wá le, iṣẹ́ ìdógò kó kúrò lórí ilẹ̀ wọn lọ sí àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ bíi Gallup. Gbogbo àbùkù yẹn ti wà nínú àwìn gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n, kò sí ìdí tá a fi máa fọ orúkọ mọ́ fún wọn.

Ìdógò tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, tí òyìnbó ń pè ní dead pawn, ẹ má pè é ní "òkú ìdógò", ó máa dà bíi pé òkú ni wọ́n fi dógò. "Ìwọ̀fà" náà ò bá a mu, èèyàn ni ìwọ̀fà, bẹ́líìtì kì í ro oko olówó. Mo gbé "ìdógò abọ́lọ́wọ́" kalẹ̀, ṣebí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ọwọ́ ẹlòmíì ló máa bá.

Ó ku seco, owó irin tí àwọn ajókòótọjà ń ṣe fúnra wọn. Ẹnì kan ní ká má yá ọ̀rọ̀ Sípéènì lò, mo rẹ́rìn-ín, torí Navajo náà yá peso, wọ́n sọ ọ́ di béeso, bí àwa náà ṣe yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Síbẹ̀ "owó páànù" á yé wa ju seco lọ. Kí àbúrò wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì rí i pé níbi àkọ́kọ́ tó bá ti yọjú lòun ti sọ pé ìsọ̀ tó ṣe é nìkan ló ń gbà á.