Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìgbàgbọ́ àti iyèméjì

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè pé ṣé Mùsùlùmí tó ń ṣiyèméjì ṣì lè máa kírun láìṣe àgàbàgebè. Àwọn kan bú mi (kò burú). Ẹni tó ní kí n lọ wo Súrà Baqarah, ẹsẹ 260, ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ànábì Ibrahim ló ní kí Ọlọ́run fi bó ṣe ń jí òkú han òun. Ọlọ́run bi í pé ṣé kò gbàgbọ́ ni. Ó ní òun gbàgbọ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀ ni. Kò sí ìbáwí níbẹ̀. Ẹyẹ mẹ́rin ni Ọlọ́run ní kó mú, kó lè fi bó ṣe ń jí òkú hàn án.

Al-Ghazali, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ayé àtijọ́, náà ṣiyèméjì débi pé kò fọkàn tán ojú ara rẹ̀ mọ́: ìràwọ̀ kéré bí owó wúrà lójú wa, ìṣirò sì ní ó tóbi ju ayé lọ.

Mo ṣì ń kírun. Ọ̀rọ̀ kádàrá ṣì ń dà mí láàmú, àmọ́ àfáà àdúgbò wa ti ní kí n máa gbé e bọ̀ ní àsáláátù. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí.