Ilé ìwé ìjọba, kíláàsì mẹ́fà, owó díẹ̀: kí ni ká kọ́kọ́ tún ṣe?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Owó díẹ̀ wọlé sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Kíláàsì mẹ́fà ni, páànù lásán ló bò wọ́n, kò sí àjà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, àwọn ọmọ a máa tòògbé; bí òjò bá dé, tíṣà a dákẹ́. Àwọn kan ní ká fi owó náà kun ilé, àwọn kan ní ká ṣe bẹ́ǹṣì, àwọn kan ní ká gbẹ́ ṣáláńgá. Èwo ló máa ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ jù?

Bírikilà Àgbà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀dà ara ògiri sílẹ̀ ná. Òrùlé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ ìṣó wò: orí ibi tó yọ sókè lára páànù ló yẹ kó wà, tòun ti rọ́bà rẹ̀. Bí káfíńtà bá kàn án sínú kòtò páànù, ibẹ̀ lomi á máa gbà wọlé, igi abẹ́ rẹ̀ á sì jẹrà. Níbi tí páànù òkè ti gun ti ìsàlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní ínǹṣì 6. Ẹ tún èyí ṣe tán kẹ́ ẹ tó kan àjà, torí àjà tí omi ń kán sí kì í pẹ́ wó.

Àjà yẹn ló máa pa ariwo òjò, òun náà ló máa dínà ooru tó ń ti ara páànù sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé lọ́tùn-ún lósì, kí ooru rí ọ̀nà jáde. Kí fèrèsé kọjú síra pẹ̀lú. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, atẹ́gùn kò ní fẹ́ kọjá. Ẹ má ra àjà asbestos àlòkù, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìyá Tíṣà:
Òótọ́ ni ti òrùlé, àmọ́ pátákó ìkọ̀wé kò náni lówó púpọ̀, ẹ má fò ó. Bó bá ń dán, ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní rí nǹkan kan kà. Ẹ fi sáńpépà họ ọ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá gbẹ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì pa gbogbo ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ nù ún kẹ́nikẹ́ni tó kọ nǹkan sí i. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ fi dúdú inú bátìrì kùn ún o, májèlé ni.

Ní ti bẹ́ǹṣì, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ kì í lè kọ̀wé pẹ́. Ìjókòó tó ga ní bíi ínǹṣì 12 bá ọmọ kíláàsì kìíní mu, ti kẹfà tó bíi 15. Káfíńtà á fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ má gbà fún un.

Wolé-wolé:
Ó dùn mí pé ẹ kò dá sí ṣáláńgá. Ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù máa ń jókòó sílé bí kò bá sí ibi ìkọ̀kọ̀ nílé ìwé. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fi lélẹ̀ ni ihò kan fún ọmọbìnrin 25. Fún ọmọkùnrin 50, ihò kan àti ibi ìtọ̀ kan. Kí tobìnrin dá wà, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì látinú.

Ẹ ri páìpù ínǹṣì 6 mọ́ kòtò ṣáláńgá náà, kó ga ju òrùlé lọ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tí kì í dípẹtà bo ẹnu rẹ̀. Kí inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀: ìmọ́lẹ̀ orí páìpù ni eṣinṣin á tẹ̀ lé, nẹ́ẹ̀tì á sì dá a dúró síbẹ̀. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí:
Ẹ ṣé gan-an. Ta ló yẹ kí kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Wolé-wolé:
Kó má wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé nìkan. Ṣáláńgá tí wọ́n tì pa látàárọ̀, àwọn ọmọ á padà sígbó ni. Ẹ fún tíṣà obìnrin kan ní ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ya owó ọṣẹ àti ti ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀ rárá.