Ibo ló lẹ́wà jù ní Èkìtì fún àlejò tó ní ọjọ́ mẹ́ta péré?

Ọmọ Adó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àlejò mọ́kànlá ń bọ̀ ní Adó lẹ́yìn Kérésì, láti 27 sí 29 oṣù Kejìlá. Àwọn kan nínú wọn ti dé Victoria Falls, àwọn kan ti gun Table Mountain ní Cape Town, wọ́n sì fẹ́ kí Èkìtì náà fi ohun tí wọn ò ní gbàgbé hàn wọ́n. Màmá ẹni ọdún 74 wà láàárín wọn, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọdé mẹ́rin náà wà, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni méjìdínlógún la máa gbé.

Ìkógòsì (ibi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́), Arinta (omi tó ń já bọ́ láti ara òkè), Olósùnta (òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́) àti Ẹ̀fọ̀n (ìlú àárín òkè) ló wà lọ́kàn. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n máa rí, èwo ni? Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Kí ló sì máa ń ba irú ìrìn àjò yìí jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ ibi, ẹ sọ bí a ṣe máa ṣe é.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì

Ẹ kú ìmúra àlejò. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ oṣù bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa yan ibi fún yín. Kejìlá, ọyẹ́ ti dé. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń dí ojú ọ̀run. Ẹ lè dúró lórí òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kí òkè tó kọjú sí yín máa rí bí òjìji lásán. Òkè kan náà yẹn, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí nínú oṣù Kẹwàá, láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, òkè lẹ́yìn òkè lẹ máa rí, tí ìkùukùu á ṣì sùn sínú àfonífojì. Àwọn àlejò yín tó ti dé Victoria Falls lè sọ ọ́ fún yín: ẹni tó bá débẹ̀ lóṣù Kẹrin máa bá omi tó ń bú ramúramù, ẹni tó bá dé apá Sáḿbíà rẹ̀ lóṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, àpáta gbígbẹ ló máa bá níbi púpọ̀.

Fún Kejìlá, Ìkógòsì ni ẹyọ kan yẹn. Ọyẹ́ tó ń ba ojú òkè jẹ́ ló ń tún ti Ìkógòsì ṣe. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ibẹ̀ kì í fi ti àsìkò ṣe, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọyẹ́ tutù, nítorí náà ẹ máa rí i tí omi ń rú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí èéfín láàárín igi ńláńlá. Tí oòrùn bá ti ga, ìrú yẹn á lọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wà létí omi ṣáájú aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ sùn sínú ọgbà náà mọ́jú, ilé àlejò wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ Kérésì ni ẹ ń wí yìí, ẹ tètè gba yàrá.

Ojúko tí omi méjèèjì, èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́ àti èyí tó tutù, ti pàdé ni kí ẹ pẹ́ sí. Èrò púpọ̀ máa ń ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ síbi adágún ìwẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ki ọwọ́ kan sínú èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ ki ọwọ́ kejì sínú èyí tó tutù, kí ẹ wá rọra máa fà wọ́n súnmọ́ ara wọn. Ìka yín á mọ ibi tí ooru ti parí tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ta okùn sáàárín ilẹ̀ ọmọ bàbá méjì. Àwọn àgbà ìlú máa ń pìtàn pé ìyàwó ọdẹ kan làwọn omi méjèèjì, ọ̀kan onínúfùfù, ìkejì onísùúrù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìtàn yẹn kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ omi, á dùn mọ́ wọn.

Awakọ̀ Arámọ̀kọ́

Mo kí yín, Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tèmi. Láti Adó, ẹ gba Ìyìn, Ìgèdè, ẹ dé Arámọ̀kọ́. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń lọ sí Ìta-Awúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n, kí ẹ wọ ti Erínjìyàn, òun ló ń gbé yín lọ sí Ìkógòsì. Ẹ fún un ní wákàtí kan àti ààbọ̀, kódà bó bá dà bíi pé ó súnmọ́, torí ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ máa ń yí padà lọ́dọọdún.

Adó ni kí ẹ ti kún táǹkì. Owó lọ́wọ́ ni kí ẹ mú dání: owó géètì, owó amọ̀nà, owó oúnjẹ. Nẹ́tíwọ̀kì lè má sí, POS á sì dákẹ́. Ẹ yẹ sípéà táyà wò kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe ojú nìkan, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí jáàkì àti sípánà rẹ̀ sì wà pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ní kí ẹ gba Ẹ̀fọ̀n sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ le, ó sì ní kọ́nà. Bọ́ọ̀sì tó kún èèyàn, tí awakọ̀ wá ń tẹ bíréèkì láti òkè délẹ̀, bíréèkì yẹn á gbóná, kò ní mú mọ́ níbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù. Kí ó ti wọ jíà kejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dá ọkọ̀ dúró, kí ó tẹ bíréèkì díẹ̀ kí ó tún fi í sílẹ̀. Tí òórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná bá ti ń wọlé, kí ó dúró síbi tó láyè ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ da omi tútù sí i. Tí ẹ bá ń gòkè, ojú gééjì ooru ni kí ó máa wò. Tó bá ti ń gùn, kí ó pa ẹ́síì.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ súnmọ́ orísun omi gbígbóná yẹn o, 70 dígíríì ni wọ́n ní ó jẹ́.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì

Ẹ ṣeun Awakọ̀, ọ̀rọ̀ jíà yẹn ṣe pàtàkì. Àmọ́ 70 yẹn ni mo fẹ́ tún ṣe, torí ó ti tàn káàkiri. Omi tó bá gbóná tó 70 dígíríì máa bó èèyàn lára ká tó ṣẹ́jú, ojoojúmọ́ sì làwọn èèyàn ń ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ omi Ìkógòsì. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ jíọ́lọ́jì gbà lójú orísun jẹ́ nǹkan bíi 37 sí 38. Bí ara èèyàn ṣe gbóná tó náà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn àlejò ṣáájú, torí ẹni tó ń retí omi híhó á ní wọ́n tan òun jẹ, ẹni tó mọ ohun tó ń wò á yà á lẹ́nu.

Kì í ṣe òkè oníná ló ń gbóná rẹ̀. Òjò ló ń wọ inú pàlàpálá òkúta líle tó wà lára òkè náà, ó ń lọ sísàlẹ̀ gan-an. Bí èèyàn bá wọ ilẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru sábà máa ń fi nǹkan bíi 25 sí 30 dígíríì lé sí i. Omi náà gba ooru yẹn, ó wá rí pàlàpálá mìíràn tó gbé e padà sókè kó tó tutù. Èyí tó tutù kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè wà nítòsí ara wọn láìjọra.

Ohun tó ń ṣe ọmọdé léṣe níbẹ̀ ni òkúta tó ń yọ̀. Ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń bo òkúta inú omi, bàtà sílípáàsì kò lè dúró lórí rẹ̀. Kí wọ́n wọ bàtà tó ní okùn lẹ́yìn tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Kí Màmá mú ọ̀pá dání, kí ẹni kan wà níwájú wọn, kí ẹni kan wà lẹ́yìn. Ẹ mú àga kékeré dání, kí wọ́n jókòó síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ẹ máa bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sórí orúnkún wọn. Ara á tù wọ́n.

Ará Ìpólé

Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pé Ìkógòsì nìkan ni. Arinta wà ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà sí Ìkógòsì rárá, ọjọ́ kan náà lẹ lè fi rí méjèèjì. Ìpele lẹ́yìn ìpele ni omi náà fi ń já bọ́ láti ara òkè, inú igbó tútù ló sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìró omi, tí kò fẹ́ adágún ìwẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ọmọ Adó

Ẹ ṣeun gan-an. Ará Ìpólé, ṣé omi ṣì máa wà níbẹ̀ ní Kejìlá? Ṣé Màmá lè gùn ún?

Ará Ìpólé

Omi máa wà, ṣùgbọ́n á ti tín-ín-rín. Láti oṣù Keje dé Kẹwàá ló máa ń ya wálẹ̀ tagbáratagbára. Ní Kejìlá, ẹ máa rí i bí òwú funfun tí wọ́n ta sára àpáta. Òun náà ní ẹwà tirẹ̀, ó sì sàn fún ọmọdé. Màmá ò gbọdọ̀ gòkè. Kí wọ́n dúró sísàlẹ̀, ìró omi á bá wọn níbẹ̀. Àwọn tó lágbára lè gun ìpele kan tàbí méjì pẹ̀lú amọ̀nà ìlú. Kí wọ́n má lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ láìsí i, torí ojú ọ̀nà ò hàn, ìsọ̀kalẹ̀ sì le ju ìgòkè lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ́ wọ inú ọ̀gbun omi ibẹ̀. Omi tó ń já bọ́ máa ń ru ìsàlẹ̀, òkúta lè wà ní ibi tí ojú ò tó. Fún ẹni tó bá máa padà wá lásìkò òjò, àmì kan wà tó yẹ kó mọ̀: bí omi tó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti igi kéékèèké ń bá a bọ̀, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn, bí ibi tí ẹ wà kò tiẹ̀ tutù. Ẹ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró kó bàtà.

Ẹ má mú ọṣẹ wọ inú omi náà. Ọ̀rá omi mímu tí ẹ bá já, ẹ kó o padà sínú bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Ògògà

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti Ìkẹ́rẹ́ wa! Olósùnta àti Ọ̀rọ̀lé, òkè àpáta méjèèjì, ọ̀nà tó ń ti Adó lọ sí Àkúrẹ́ lẹ ti máa rí wọn. Ọyẹ́ ò lè ba èyí jẹ́ pátápátá, torí òkè náà fúnra rẹ̀ lẹ ń wò, kì í ṣe ohun tó wà lọ́nà jíjìn. Láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ìlà ara àpáta á hàn. Ní ọ̀sán gangan, pẹrẹsẹ ló máa rí, fọ́tò rẹ̀ kì í dára.

Ibi ọ̀wọ̀ ni Olósùnta. Wọ́n ń bọ ọ́, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má kàn gùn ún bíi pé kò lólúwa. Ẹ kọ́kọ́ béèrè láàfin tàbí lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, kí wọ́n yan ẹni tó máa mú yín lọ. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ fi fóònù sápò. Àpáta yẹn kò ní ibòji, lẹ́yìn aago mẹ́wàá ó ti gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá máa gòkè, kí ó ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago yẹn tó lù. Kí ó mú omi tó tó lítà kan àti ààbọ̀.

Ẹ sọ ti Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ fún wọn náà. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín ọdún 1910 sí 1914. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute ní Chicago: ọba jókòó, adé rẹ̀ ní ẹyẹ lórí, ìyàwó rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lára àga. Àwọn àlejò láti òkè òkun tó ti rí i níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìlú tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún nìyí, òkè ìlú ọ̀hún ṣì dúró. Ohun tó dùn wá ni pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní láti wọ bàálù kí ó tó rí wọn.

Ọmọ Adó

Ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ òpó yẹn wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe tò ó nìyí: 27, a máa kúrò ní Adó lọ́sàn-án, a máa sùn sí Ìkógòsì. 28, omi láàárọ̀ kùtù, Arinta láti aago mọ́kànlá, a máa padà sí Adó ní aago mẹ́rin. 29, Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ẹ̀fọ̀n á di ọdún tó ń bọ̀, lóṣù Kẹwàá. Ṣé ó dáa?

Olùkọ́ Jọ́gíráfì

Ó dáa gan-an. Aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ ní àárọ̀ 28, torí wọ́n á jáde nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bọ́ sínú ọyẹ́. Táwẹ́lì méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á ti tutù.

Awakọ̀ Arámọ̀kọ́

Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lásìkò ọdún. Bí ẹ bá ti dé Ìkógòsì, kí awakọ̀ yí bọ́ọ̀sì padà kó kọjú síta kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kó má sì gbé e síwájú géètì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àwọn tó sùn mọ́jú á ti dí ẹni tó kọjú sínú mọ́.