Tẹ́rápì ti pé ìgbà 8, kò sí àyípadà: ṣé kéèyàn ní sùúrù ni àbí kó sọ̀rọ̀?

Akínkúnmi: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tí ìsoríkọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ NHS Talking Therapies, ẹ̀ka tẹ́rápì ti ètò ìlera ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi CBT (ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń ṣàtúnṣe èrò àti ìṣe) tọ́jú, tó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ tí oorun ò tíì padà sójú rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá sùúrù ló kù, àbí ìtọ́jú yẹn ni kò bá a mu? Báwo ló sì ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí aláìmoore?

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Fọ́ọ̀mù PHQ-9, tí wọ́n fi ń wọn bí ìsoríkọ́ ṣe le tó, tí wọ́n ń ní kéèyàn kún ní gbogbo ìgbà, ni kó kọ́kọ́ wò. Ìbéèrè 9 ni, máàkì 0 sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 27. Lọ́dọ̀ wọn, máàkì gbọ́dọ̀ fi 6 wálẹ̀, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbà pé ara ń yá. Kó ní kí wọ́n fi gbogbo máàkì òun hàn òun láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí máàkì rẹ̀ wá láti 19 sí 13, ara rẹ̀ ń yá bọ̀, bí oorun rẹ̀ ò tilẹ̀ tíì gún. Ẹni tó ṣì wà ní 18, ohun kan gbọ́dọ̀ yí padà.

Àmọ́ àwọn èèyàn wa máa ń kọ 0 kí inú tẹ́rápísìtì lè dùn. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe ìkíni tí à ń fi "a dúpẹ́" dáhùn. Ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó dá lórí èrò ikú, bí máàkì rẹ̀ bá ń lọ sókè, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un: kó pe 111, nọ́ńbà NHS, kó tẹ 2 fún ìlera ọpọlọ. Bí ewu bá ti dé tán, 999 ni.

Adéwálé: Irú ìtọ́jú náà ńkọ́? Ẹ wo OCD, fún àpẹẹrẹ, àìsàn tí èrò ìbẹ̀rù kì í fi kúrò lọ́kàn, tó ń mú kéèyàn máa tún ohun kan náà ṣe, bíi fífọ ọwọ́. Bí tẹ́rápísìtì bá ń sọ fún aláìsàn pé "ọwọ́ yín mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀", ara á tù ú díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó fi máa tún béèrè. Ìfọkànbalẹ̀ yẹn gan-an ló ń bọ́ àìsàn náà. Ohun tó yẹ ni kó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kó má fọ ọwọ́, kó jókòó ti ìbẹ̀rù náà títí tó fi máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́la, kó tún un ṣe. Bí wọn ò bá tíì ṣe irú èyí rárá, ìtọ́jú OCD ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kó ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò pẹ̀lú. Àìsàn thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn) àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè múni rẹ̀wẹ̀sì, ọ̀rọ̀ sísọ ò sì lè wò wọ́n.

Mojísọ́lá: Ìgbà 8 yẹn ló mú mi fura. Kó béèrè bóyá ìpele kejì ìtọ́jú náà (step 2) lòun wà àbí ìpele kẹta (step 3), èyí tó jinlẹ̀ jù. Step 2 ni ti ìwé tí wọ́n ń tọ́ni sọ́nà láti kà kéèyàn sì máa ṣe, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 6 sí 8 ló sì sábà ń parí. Bí kò bá ràn án, wọ́n lè gbé e lọ sí step 3.

Kó sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń dìde: "Máàkì mi ò kúrò lójú kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí la máa yí padà, ọjọ́ wo la sì máa tún un wò?" Tẹ́rápísìtì tó mọṣẹ́ kò ní bínú, ó ní ọ̀gá tó ń bá jíròrò irú èyí. Kó má kàn dákẹ́ kó má lọ mọ́, torí wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀, kó tún wá tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí orí bá sì ń gbóná, tàbí tó ń ṣe é bíi pé kòkòrò ń rìn nínú orí, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. PHQ-9 ò béèrè rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì ò bá lè gbé e, kó ní kí wọ́n wá ògbufọ̀. Kò ní san kọ́bọ̀.