"Kí lò ń kà?": ìrírí àwa tí a wọ yunifásítì láì tíì mú kọ́ọ̀sì

Houston

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ìbàdàn ni mo ti ṣe WAEC kí ìyá mi tó jẹ lọ́tìrì físà, tí gbogbo wa sì kó wá sí Texas. Nígbà tí mo fẹ́ wọ community college, ìyẹn iléèwé gíga ọlọ́dún méjì, wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ kà sínú fọ́ọ̀mù. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní kò burú, ó tẹ "undeclared", ìyẹn ẹni tí kò tíì mú kọ́ọ̀sì, ó sì pe ẹni tó kàn. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ń tìtorí ẹ̀ gbààwẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, kò gba ọmọ yẹn ní ìṣẹ́jú kan.

Ilé ni wàhálà wà. Alief, àdúgbò kan ní Houston, là ń gbé, ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí Sátidé tí kì í sí òde. Níbi ìkómọ kan, àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì mi, ó ní, "Kí lò ń kà báyìí?" Mo ní, "Mo ṣì ń wò ó ni, mà." Ó gbé ìgbakọ dúró lókè. "Wo kí ni? Ṣé aṣọ lo fẹ́ rà ni?" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó jẹ ẹran inú àwo mi tán, wọ́n ti bá mi yan nọ́ọ̀sì, wọ́n ti bá mi yan kọ̀ǹpútà, bàbá kan tilẹ̀ ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ apòògùn kí n lè wá bá òun ṣiṣẹ́ ní òpópónà Bissonnet. Àǹtí yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun náà ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí kíláàsì bí òjò bá dí mi mọ́lé.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹni tí kò tíì mú kọ́ọ̀sì kì í jókòó lásán. Ní Texas, kírẹ́dìtì (ohun tí wọ́n fi ń ka iye ẹ̀kọ́ tí èèyàn ti kà) 42 wà tí gbogbo ọmọ yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ kà, ì báà fẹ́ di ẹnjiníà, ì báà fẹ́ kọrin: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìtàn Amẹ́ríkà, ètò ìjọba, sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá sì kà á ní community college, o máa gbé e dání lọ sí yunifásítì ìjọba. Digíírì máa ń sábà gba kírẹ́dìtì 120. Nítorí náà, lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó ti mú kọ́ọ̀sì àti ẹni tí kò tíì mú un, yàrá kan náà ni wọ́n ti ń pàdé.

Ibi tó ti ń ta èèyàn ni kéèyàn máa bẹ̀rẹ̀ kó máa jù ú sílẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ yìí sọ pé ẹni tó bá wọlé láti 2007 síwájú, kíláàsì mẹ́fà péré ló lè jù sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fi ka ìwé digíírì, àfi tó bá ní ìdí pàtàkì. Bí kírẹ́dìtì rẹ bá sì fi 30 ju iye tí digíírì rẹ ń béèrè lọ, wọ́n lè ní kí o máa san iye tí ará ìpínlẹ̀ mìíràn ń san. Ẹni tó ń gbà mí nímọ̀ràn níléèwé ló tẹ ìwé yẹn fún mi, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ mẹ́fà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Jiọ́lọ́jì ni mo mú nítorí mo nílò sáyẹ́ǹsì tó ní láàbù, bàọ́lọ́jì sì ti kún. Kò sí ìran kankan tí mo rí. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa tẹ́ máàpù odò Brays Bayou sórí tábìlì, èyí tí FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àjálù, fi àwọ̀ búlúù kun ibi tí ewu omi ti tó ìdá kan nínú 100 lọ́dọọdún. Ó ní kí kálukú wá àdúgbò rẹ̀ kó sàmì sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e lórí, tí wọ́n ti ya ibi tí omi dé gan-an nígbà ìjì Harvey, oṣù kẹjọ 2017, sí. Àwọn méjèèjì ò bára mu rárá. Ilé tó pọ̀ jántìrẹrẹ tí máàpù ìsàlẹ̀ ní kò sí nínú ewu ni omi wọ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí fi ìka tẹ ilé wọn, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde.

Èmi, odò Ògùnpa n'Ìbàdàn ni ọkàn mi lọ. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò tíì gbọ́ ti omíyalé oṣù kẹjọ 1980 lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀. Ti oṣù kẹjọ 2011, ojú mi ló ṣe. Ìgbà yẹn ni omi gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ. Mo bi olùkọ́ náà pé ṣé èèyàn lè fi irú èyí jẹun. Ó ní, "Mò ń jẹun." Ó ní kí n lọ wo kíláàsì GIS, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù. Sáà tó tẹ̀ lé e ni mo mú un, kí ọdún kejì sì tó parí, mo ti kọ jiọ́gíráfì síbi tí undeclared wà. Títí dòní, àǹtí onígbakọ ń sọ fún àwọn èèyàn pé ojú ọjọ́ ni mò ń kà.

Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ń gbádùn o. Níbí, kí o tó dé iwájú kọ̀ǹpútà JAMB lo ti gbọ́dọ̀ mú kọ́ọ̀sì, nítorí òun ló ń sọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí wàá kọ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣègùn ni mo mú, mo kọ bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Máàkì mi kò burú nínú 400, àmọ́ kò tó ohun tí wọ́n ń wá. Ìgbà tí mo wo CAPS, ojú ìwé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fúnni ní àyè, Zoology, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ni wọ́n fún mi. Bàbá mi gba fóònù, ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé dókítà ewúrẹ́ nìyẹn?" Mo ní rárá, sà, ìyẹn tún yàtọ̀.

Mo gbà á, torí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ṣì wà nílé, ó ń ra fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún. Ní ọdún kejì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yí i padà. Wọ́n ní àfi kí máàkì ga, kí àyè sì wà. Máàkì ga, àyè kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí: a ń bu omi inú táyà àlòkù, a ń ka ìdin rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Maryland

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ìyá náà dá sí i. Ọmọkùnrin mi wọlé láì mú nǹkan kan, èmi àti bàbá rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kìíní ó ka fíìmù, ó ka sàíkọ́lọ́jì, ó ka ìtàn àwọn ará Róòmù, A ló ń gbà. Ọdún kejì ló wá ní iṣẹ́ ẹnjiníà ló wu òun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di Calculus, ẹ̀ka ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà ń kà ní ìpele-ìpele. O ò lè ka ìkejì bí o kò bá tíì ka ìkíní, o ò lè ka ìkẹta bí o kò bá tíì ka ìkejì, físíìsì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń dúró dè wọ́n. Kò ṣe é pa pọ̀. Ọdún kan lé e, owó iléèwé ọdún kan sì lé e. Àwa tí a ṣe nọ́ọ̀sì mọ̀ pé tiwa náà kò yàtọ̀: àfi kí o ti ka ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara àti microbiology (ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí) kí wọ́n tó yẹ fọ́ọ̀mù rẹ wò.

Mo ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé bí kò bá tíì rí kọ́ọ̀sì tó wù ú, kò sí ìjà, àmọ́ kó mú ìṣirò ní sáà àkọ́kọ́. Ó ń kùn. Kó máa kùn.

Houston

Ẹ ṣé, mà. Òótọ́ ni, ìṣirò tí mo ti kà ni kò jẹ́ kí GIS le fún mi.

Ẹnìkan béèrè bóyá ẹni tó fi físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, wá sí Amẹ́ríkà lè wọlé láì tíì mú kọ́ọ̀sì: ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń gba èèyàn wọlé láì tíì mú kọ́ọ̀sì. Àmọ́ I-20 rẹ, ìyẹn ìwé tí iléèwé fi ń jẹ́rìí pé o jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn, máa ń sọ ohun tí ò ń kà, nítorí náà ọjọ́ tí o bá mú un ni kí o ti gba ọ́fíìsì àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè lọ, kí wọ́n tún un ṣe. Kírẹ́dìtì rẹ kò gbọ́dọ̀ dín sí 12 ní sáà kan, torí náà má ṣe ju kíláàsì sílẹ̀ kí o tó bi wọ́n. Bí o bá sì ní i lọ́kàn láti ṣiṣẹ́ níbí lẹ́yìn ìwé, OPT (àyè láti ṣe iṣẹ́ tó bá ohun tí o kà mu) oṣù 12 ló wà fún kọ́ọ̀sì gbogbo, àwọn tó wà nínú ìwé STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹnjiníà àti ìṣirò) ló lè fi oṣù 24 lé e. Kọ́ọ̀sì méjì lè jọra kí ọ̀kan wà nínú ìwé yẹn kí èkejì má sí níbẹ̀. Bi wọ́n kí o tó kọ orúkọ rẹ sí i.